Ọ̀wọ́ Oníkẹ̀kẹ́ Nígbà Ọyẹ́: Ẹdẹ àti Àwọn Tó Ń Rìn Pọ̀

Ọ̀rọ̀ kẹ̀kẹ́ ni mo gbé wá lónìí. Kì í ṣe kẹ̀kẹ́ Màrúwá o. Mo mọ̀ pé bí èèyàn bá dúró ní ìkóríta Akódà báyìí, tó pariwo "kẹ̀kẹ́!", ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ni yóò yà bá a. Láti ara Buba Marwa, ọ̀gá ológun tó ṣàkóso ìpínlẹ̀ Èkó láti 1996 sí 1999, ni orúkọ Màrúwá ti wá. Kí ìyẹn tó dé, ẹlẹ́sẹ̀ méjì ni kẹ̀kẹ́, kẹ̀kẹ́ ológeere tí à ń fi ẹsẹ̀ wà. Kí òun náà tó dé ẹ̀wẹ̀, kẹ̀kẹ́ ìrànwú àwọn ìyá wa ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Orúkọ kan ṣoṣo, ó ti gbé ilé mẹ́ta.

Ọyẹ́ ti dé, àwa bíi mélòó kan sì ti ń múra láti gun kẹ̀kẹ́ jáde láti Ẹdẹ, ká gba Awo àti Ara dé Èjìgbò, ká jẹun níbẹ̀, ká sì padà wálé lọ́jọ́ kan náà. Àlọ tó nǹkan bí 30 kìlómítà, àbọ̀ náà bẹ́ẹ̀. Èmi ni mo ń ṣètò rẹ̀, ọdún kẹrin rẹ̀ sì nìyí. Lọ́dọọdún ni mo máa ń gbọ́ ọ̀rọ̀ méjì tí kò bá ara wọn mu. Àwọn kan á ní kí ni mò ń wá lórí kẹ̀kẹ́ nígbà tí mo ní owó ọkọ̀, ṣé mo ti di tálákà ni. Àwọn kejì á ní òyìnbó ni mò ń fara wé. Wọ́n á ní àwọn ti rí wọn lórí fóònù, àwọn èèyàn funfun tí wọ́n wọ ṣòkòtò tó lẹ̀ mọ́ itan, tí wọ́n tò bí èèrà lójú ọ̀nà ìgbèríko nínú òtútù. Bí a bá tẹ̀lé àwọn ti àkọ́kọ́, ìyà ni mò ń jẹ. Bí a bá tẹ̀lé àwọn kejì, fàájì ìlú òkèèrè ni mò ń ṣe. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí àwọn méjèèjì gbà láìsọ ọ́: pé kò sí ẹni tó ṣe irú rẹ̀ rí níbí. Ibẹ̀ ni mo ti fẹ́ bá wọn jiyàn.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ fún òyìnbó ní ohun tó jẹ́ tirẹ̀. Lóòótọ́, àwọn ló kọ́kọ́ sọ kẹ̀kẹ́ gígùn lọ́nà jíjìn di ẹgbẹ́ tó ní òfin àti ìwé. Ní 1878 ni wọ́n dá ẹgbẹ́ tó wá di Cyclists' Touring Club sílẹ̀ ní Harrogate, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, ní 1888, John Boyd Dunlop gba ìwé àṣẹ lórí táyà tí à ń fa atẹ́gùn sí ní Belfast, ìbàdí oníkẹ̀kẹ́ sì sinmi díẹ̀. Ní 1891 àwọn ará Faransé fi kẹ̀kẹ́ sáré láti Paris dé Brest, wọ́n sì padà, nǹkan bí 1,200 kìlómítà. Ìyẹn, eré ìje ni. Èyí tó wù mí jù ni ti àwọn ará Ítálì kan tí wọ́n jùmọ̀ gun kẹ̀kẹ́ láti Róòmù dé Naples ní 1897, nǹkan bí 230 kìlómítà, láàárín ìlà àti ìwọ̀ oòrùn ọjọ́ kan. Henri Desgrange mú àṣà náà dé Faransé ní 1904. Òfin rẹ̀ ni pé olórí kan ní í ṣáájú, òun ló ń pinnu bí a ó ṣe yára tó, kò sì sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ ya olórí sílẹ̀. Àmọ́ ní 1921 ìyapa wọ ọ̀rọ̀ náà. Àwọn kan ní àwọn kò ní dúró de ẹnikẹ́ni mọ́, kí kálukú máa lọ bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá ṣe gbé e. Títí di òní, ọ̀nà méjì ni wọ́n ń tọ̀. Ẹ fi ìyapa yìí sọ́kàn, a ṣì máa bá a pàdé ní Ẹdẹ.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wálé. Ọ̀pọ̀ wa mọ Tìmì àti Gbọ́nkáà nítorí ìtàn Ṣàngó. Iná, ọfà, èwo ló kù. Ohun tí a kì í sábà sọ ni ìdí tí Tìmì fi wà ní Ẹdẹ rárá. Àlùfáà Samuel Johnson kọ ọ́ sínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀, èyí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1921, lẹ́yìn tí òun fúnra rẹ̀ ti kú ní ogún ọdún. Ó ní ọjà ńlá kan wà ní Apòmù, níbi tí ará Ọ̀yọ́, ará Ifẹ̀, ará Òwu àti ará Ìjẹ̀bú ti ń pàdé. Àwọn tó ń lọ síbẹ̀ àti àwọn tó ń bọ̀ ń kó sọ́wọ́ àwọn onísùnmọ̀mí. Wọ́n ń jí èèyàn gbé nínú oko, wọ́n ń da èrò láàmú lójú ọ̀nà. Ẹjọ́ náà dé etí Aláàfin. Johnson ní Aláàfin Kọ́rí ni. Ó wá rán Tìmì, ọdẹ tó mọ ọfà í ta, pé kó lọ tẹ̀dó sójú ọ̀nà náà kó máa ṣọ́ èrò. Àwọn èrò fúnra wọn ń san owó ẹyọ fún un bí wọ́n bá ti ń kọjá. Nígbà tó yá, ibùdó ọdẹ di ìlú, ọdẹ sì di ọba.

Èrò ọjà ló bí Ẹdẹ. Mo fẹ́ ká rọra wo ọ̀rọ̀ "èrò" yìí. Lóde òní, ẹni tó jókòó sínú bọ́ọ̀sì ni èrò, kò mọ ẹni tó jókòó tì í. Nígbà náà, ọ̀wọ́ ni èrò. Wọ́n á dúró de ara wọn ní bodè títí wọn yóò fi pọ̀ tó, wọ́n á jùmọ̀ ṣí, wọ́n á jùmọ̀ sùn. Ẹni tó rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ kù sẹ́yìn, torí ẹni tó bá kù sẹ́yìn ni àwọn onísùnmọ̀mí ń dúró dè. Nítorí náà, ẹsẹ̀ ẹni tí ẹrù rẹ̀ wúwo jù ni gbogbo ọ̀wọ́ ń tẹ̀lé. Ẹ̀rù ló kọ́ wọn.

Kẹ̀kẹ́ wá bá àṣà yìí nílẹ̀. Reluwé dé Ìbàdàn láti Èkó ní 1901, ó dé Òṣogbo ní 1907, Ẹdẹ sì wà lójú ọ̀nà láàárín Ìwó àti Òṣogbo. Àwọn ilé iṣẹ́ òyìnbó ṣí ṣọ́ọ̀bù sí Òṣogbo, ibẹ̀ ni ọjà òkè òkun ń gbà wọ gbogbo àyíká wa, títí kan kẹ̀kẹ́. Àwọn Raleigh tí wọ́n ń rọ ní Nottingham, tí àwọn bàbá wa ń pè ní Ráálè, àti Hercules. Irin tó nípọn, kárià lẹ́yìn, agogo lọ́wọ́, dáínámò lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà.

Ẹ wo ibi tí reluwé kò dé, ibẹ̀ ni ìtàn kẹ̀kẹ́ wà. Láti Òṣogbo, ó gba Ìkìrun àti Ọ̀fà lọ sí Ìlọrin. Ó fi Ògbómọ̀ṣọ́ sílẹ̀, bí ìlú náà ti tóbi tó. Ó fi Èjìgbò sílẹ̀. Ó fi Awo, Ara àti gbogbo abúlé tó wà láàárín sílẹ̀. Ọjà tó bá bọ́ sílẹ̀ ní ibùdókọ̀ reluwé Ẹdẹ ní láti rí ẹni tí yóò gbé e lọ síwájú. Lọ́rí oníṣòwò ni o, tàbí lórí lọ́rì tí kì í wà lójoojúmọ́, tàbí lẹ́yìn kẹ̀kẹ́. Kẹ̀kẹ́ kan lè gbé ju ohun tí orí méjì lè rù lọ, kò jẹ koríko, kò mu epo. Àwọn òṣómàáló Ìjẹ̀ṣà, tí wọ́n ń ta aṣọ láwìn láti ìlú dé ìlú, tí wọ́n sì ń lóṣòó síwájú onígbèsè títí yóò fi san owó, àwọn náà wà lára àwọn tó di aṣọ mọ́ kárià.

Bàbá tó bí bàbá mi jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tó ń gba ọ̀nà Ògbómọ̀ṣọ́. Iyọ̀ àti aṣọ ní í gbé lọ, èlùbọ́ àti òrí ní í gbé bọ̀. Mo bá a láyé, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ bàbá mi ni mo ti gbọ́ èyí tó pọ̀ jù. Àwọn márùn-ún sí mẹ́fà ni wọ́n jọ ń lọ. Ẹni tí ẹrù rẹ̀ wúwo jù ni wọ́n ń fi síwájú. Ẹni tó mọ kẹ̀kẹ́ tún ṣe jù ni wọ́n ń fi sẹ́yìn pátápátá, òun ló gbé sípánà, pọ́ǹpù àti gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń lẹ túùbù. Ìdí rẹ̀ ni pé bí ṣéènì ẹnikẹ́ni bá já, yóò bá a lójú ọ̀nà. Bó bá jẹ́ pé ó wà níwájú ni, yóò ti lọ kó tó mọ̀. Agogo ẹ̀ẹ̀kan, ihò wà níwájú. Agogo ẹ̀ẹ̀mejì, ẹ dúró. Bẹ́ẹ̀ ni bàbá mi ṣe sọ ọ́ fún mi. Nígbà tí mo ka nípa Desgrange àti olórí tí kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ yà á sílẹ̀, ẹ̀rín ló pa mí. Àwọn wọ̀nyí kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí.

Kí ló dé tó fi jẹ́ ìgbà ọyẹ́? Ìdáhùn pọ̀, gbogbo rẹ̀ ló sì tún wúlò fún wa lónìí. Àkọ́kọ́ ni ilẹ̀. Ọ̀nà ilẹ̀ pupa, nígbà òjò, ẹrẹ̀ ni. Táyà á rì, kárià á fì, iyọ̀ á yọ́. Ọ̀ṣun a kún, Ẹrinlẹ̀ tó ń ṣàn bọ̀ láti apá Ìlobùú a kún, ibi tí èèyàn ti ń fẹsẹ̀ kọjá nínú ẹ̀ẹ̀rùn a di ọ̀rọ̀ ọlọ́kọ̀. Bí ọyẹ́ bá dé, ilẹ̀ a le bí pákó. Èkejì ni owó. Kòkó ń jáde láti nǹkan bí oṣù kẹwàá títí ọdún fi yí, obì náà ń jáde. Ọwọ́ àgbẹ̀ kì í gbẹ nígbà yẹn. Wọ́n ti wa iṣu, wọn kò tíì gbin òmíràn, ọ̀dọ́mọkùnrin tó wà lóko ráyè rin ìrìn ọjọ́ méjì.

Ẹ̀kẹta ni ara èèyàn. Ẹ̀fúùfù tó ń kó eruku láti aginjù Sàhárà, pàápàá láti Bodélé nílẹ̀ Chad, ló ń fẹ́ bá wa láti àríwá ìlà-oòrùn, láti nǹkan bí ìparí oṣù kọkànlá títí di oṣù kejì. Òwúrọ̀ rẹ̀ tutù. Oòrùn a là, a rí i rodo bí àwo idẹ lẹ́yìn kùrukùru, kò sì tíì lágbára láti jó ẹnikẹ́ni. Láàárín aago mẹ́fà ààbọ̀ sí mẹ́wàá, kò sí àsìkò mìíràn nínú ọdún tí ara gba kẹ̀kẹ́ báyẹn. Bí a bá ń lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, afẹ́fẹ́ ọ̀hún a máa ti iwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ wá. Bí a bá ń bọ̀, a máa ti ẹ̀yìn wá. Ẹni tó wà níwájú ló ń fi àyà gbà á fún àwọn tó kù, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pààrọ̀ ẹni iwájú bí ẹrù bá ti ń fúyẹ́.

Ọyẹ́ ní ìyà tirẹ̀ o. Ètè ń là, ẹsẹ̀ ń sán, eruku ń di imú, àwọn ọdẹ sì ń sun igbó, èéfín á bo ọ̀nà. Òrí tí wọ́n ń gbé bọ̀ láti Ògbómọ̀ṣọ́, àwọn fúnra wọn ló ń kọ́kọ́ fi para. Nígbà ogun, lẹ́yìn tí àwọn ará Japan gba Malaya àti Singapore ní 1942, rọ́bà di ọ̀wọ́n gan-an. Bàbá mi ní wọ́n ń ki koríko gbígbẹ sínú táyà nígbà náà, kẹ̀kẹ́ á máa ró bí ẹni ń fi ẹsẹ̀ tẹ ìyàngbò.

Àwọn àgbà tí mo bá sọ̀rọ̀ nílùú, tí wọ́n bá ń rántí kẹ̀kẹ́, ayé Tìmì Adétóyèsé Láoyè ni wọ́n máa ń dá. Ó jọba láti 1946 sí 1975, ẹni tí ayé mọ̀ sí ọba tó ń lu dùndún. Wọ́n ní ìgbà yẹn, kẹ̀kẹ́ ni olùkọ́, kẹ̀kẹ́ ni wolé-wolé, kẹ̀kẹ́ ni ẹni tó ń fẹ́ ìyàwó. Láísẹ́ǹsì ni kẹ̀kẹ́ ń san lọ́dọọdún, ẹni tí kò bá san án ń gba inú igbó lọ. Àwọn obìnrin kò fi bẹ́ẹ̀ gùn ún, n kò ní parọ́ fún yín; ẹsẹ̀ tàbí lọ́rì ni tiwọn. Lónìí, nínú wa mọ́kànlá, obìnrin mẹ́ta ló wà níbẹ̀, ọ̀kan nínú wọn ló ń tún táyà ṣe jù.

Kí ló wá pa á? Àwọn èèyàn á ní alùpùpù. Ó wà níbẹ̀. Nígbà tí owó Udoji jáde ní ìparí 1974 wọ 1975, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń gun kẹ̀kẹ́ lánàá ra Honda, ẹni tó ń gun Honda ra mọ́tò. Àmọ́ lójú tèmi, ọ̀dà ló pa á ju Honda lọ. Ọ̀nà ilẹ̀ pupa máa ń dá lọ́rì dúró: ihò, eruku, òkúta. Lọ́rì àti kẹ̀kẹ́ kò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà síra wọn nínú ìsáré. Ọ̀nà tí wọ́n da ọ̀dà sí tú lọ́rì sílẹ̀. Ní ọjọ́ kejì oṣù kẹrin 1972, Nàìjíríà tún kúrò ní apá òsì ọ̀nà bọ́ sí apá ọ̀tún. Ẹni tó ti fi ogún ọdún mọ ẹ̀gbẹ́ tí ikú ń gbà bọ̀ ní láti tún un kọ́ láàárọ̀ ọjọ́ kan. Bàbá bàbá mi kò tún un kọ́. Ó gbé kẹ̀kẹ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ibẹ̀ ló wà títí ìpẹtà fi jẹ ẹ́.

Èyí ló fà á tí a kò fi ń gba ọ̀nà Gbọ̀ngán. Ọ̀nà tó gba Akódà àti Sẹ̀kọ̀nà lọ sí Gbọ̀ngán dára lójú, wọ́n ti fẹ̀ ẹ́, ó tẹ́jú. Ìdí nìyẹn gan-an. Ọ̀nà tó dùn mọ́ ọkọ̀ tó ń sá eré ọgọ́fà kò lè jẹ́ ọ̀nà tiwa. Ọ̀nà Awo tóóró, ó ní ihò, ọlọ́kọ̀ ń rọra. Ọ̀pẹ wà lápá ọ̀tún, ebè tuntun lápá òsì, èéfín òwúrọ̀ ń yọ lórí páànù, àwọn ọmọdé ń sá tẹ̀lé wa. Bí a bá dé abúlé kan, a máa ń sọ̀ kalẹ̀ kí àwọn àgbà. Àwọn kan rò pé ọ̀wọ̀ lásán ni. Ọ̀wọ̀ ni lóòótọ́, àmọ́ ó tún jẹ́ pé bí a kò bá dé abúlé kejì lásìkò, ẹnì kan wà tó mọ̀ pé a ti kọjá.

Torí ẹ má jẹ́ ká tan ara wa. Onísùnmọ̀mí ti padà wá, ajínigbé ni wọ́n ń pè é báyìí. Gbogbo ẹni tó ń rin ọ̀nà ní ilẹ̀ yìí ló mọ̀ ọ́n. Ọdún tó kọjá, èèyàn mẹ́rin fagi lé orúkọ wọn lálẹ́ ọjọ́ tó ku ọ̀la, nítorí ohun tí wọ́n gbọ́ lórí rédíò. N kò bá wọn jà. Ohun tí mo ṣe ni pé mo lọ bá àwọn ọdẹ. Láti 2020 tí àwọn ìjọba ìpínlẹ̀ Gúúsù Ìwọ̀-oòrùn ti dá Àmọ̀tẹ́kùn sílẹ̀, àwọn ọdẹ wà nínú wọn, wọ́n mọ inú igbó ju èmi lọ. A máa ń sọ ọjọ́, ọ̀nà àti iye wa fún wọn, wọ́n á sì sọ ibi tí a kò gbọ́dọ̀ dúró sí fún wa. Ọdẹ tó ń ṣọ́ ọ̀nà fún èrò ní Ẹdẹ: ẹ̀yin náà ẹ ṣírò ọdún rẹ̀.

Ohun kan tó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín. Ẹ ṣí òfin orílẹ̀-èdè wa ti 1999, ẹ wo Àtòjọ Kẹrin, níbi tí wọ́n to iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ sí. Láísẹ́ǹsì kẹ̀kẹ́ wà níbẹ̀, pẹ̀lú ti ọmọlanke, ọkọ̀ ọlọ́pọ́n àti bárò. Kẹ̀kẹ́ tí wọ́n ní ó ti kú, ó wà nínú òfin tí ààrẹ ń búra lé lórí.

Ní báyìí, àríyànjiyàn ti wà láàárín wa, ti 1921 gan-an. Àwọn ọ̀dọ́ mẹ́ta ra kẹ̀kẹ́ eléré, táyà rẹ̀ tóóró bí ìka, wọ́n sì fẹ́ kí kálukú máa lọ bí ó bá ṣe lágbára sí, ká pàdé ní Èjìgbò. Wọ́n ní wákàtí kan ààbọ̀ tó àwọn. Mo gbà pé ó tó wọn. Àmọ́ ọ̀nà ọ̀hún ṣì ni, igbó ọ̀hún ṣì ni. Lọ́dún yìí, olùkọ́ kan tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, tí orúnkún ọ̀tún ń dùn ún, ni yóò ṣáájú. Ẹni tí táyà rẹ̀ bá tóóró jù ni yóò gbé pọ́ǹpù sẹ́yìn. A ó ṣí ní aago mẹ́fà ààbọ̀ òwúrọ̀. Wọ́n ti ń kùn láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Kí wọ́n máa kùn bọ̀, ṣùgbọ́n kí wọ́n mú omi àti òrí dání.